Ara Kíkún àti Ọ̀rá Dídínkù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Òwe yìí bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé irin wúwo mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ọdẹ mu. Láti Mọ́níyà títí dé Àkànrán, láti Lálúpọn títí dé Ẹrunmu, kò ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo méjì, tí wọ́n fi ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń gbé e ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ìbéèrè kan ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn: ṣé kí ènìyàn kọ́kọ́ jẹun dáadáa kí ara rẹ̀ kún ni, tàbí kí ó kọ́kọ́ dín oúnjẹ kù kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè lọ? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ara ń fi oúnjẹ ṣe. Ara dà bí ilé àgbẹ̀. Àgbàdo tí a kórè ni oúnjẹ tí a ń jẹ. Èyí tí a ń sè lójoojúmọ́ ni agbára tí a ń ná. Àká sì ni ọ̀rá. Bí ohun tí ń wọlé bá ju ohun tí à ń ná lọ, àká a kún. Bí kò bá tó, a óò máa bù nínú àká. Ṣùgbọ́n iṣan kì í ṣe àká. Iṣan ni òṣìṣẹ́ ilé náà. Kì í dàgbà àfi bí a bá fún un ní iṣẹ́ tí ó le, tí a fún un ní oúnjẹ amáradàgbà, tí a sì jẹ́ kí ó sinmi. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jẹ àjẹkì tí kò sì gbé irin, àká nìkan ni ó ń kún. Ẹni tí ó sì ń febi pa ara rẹ̀ láìgbé ohun wúwo, àti àká àti òṣìṣẹ́ ni yóò jọ pàdánù.

Àwọn ará Ìbàdàn ti fojú ara wọn rí akínkanjú kan tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara kàn gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ni ó ń kàn, kì í ṣe irin ni ó ń gbé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Richard Ihetu, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dick Tiger, pàdé Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí a sọ ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 2010. Fullmer kò lè jáde fún ìpele kẹjọ, Tiger sì di oyè àgbáyé rẹ̀ mú. Ìsọ̀rí tí wọ́n ti jà kò gba ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju pọ́ùn 160 lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 72 àti ààbọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, Emile Griffith gba oyè ìsọ̀rí yìí lọ́wọ́ Tiger. Tiger gòkè lọ sí ìsọ̀rí pọ́ùn 175, ó sì gba oyè ibẹ̀ lọ́wọ́ José Torres ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì: ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster, ẹni tí ó fi nǹkan bí íńṣì méje ga jù ú lọ, lù ú ṣubú ní ìpele kẹrin. Lílọ sí ìsọ̀rí tí ó wúwo jù lè ṣílẹ̀kùn fún ni, ṣùgbọ́n gíga tí a dá mọ́ni kò ṣe é fi oúnjẹ yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí ó tóbi nìkan ni ó lágbára. Ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Birmingham ní ọdún 2022, Adijat Ọlárìnóyè gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìsọ̀rí kílò 55. Ó gbé kílò 111 sókè orí, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ.

Ta ni ó wá yẹ kí ó wá ara kíkún? Ẹni náà ni ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ yọ gedegbe, tí ó ti ń gbé irin fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ kò gòkè mọ́. Pàápàá jù lọ, ẹni tí ó ti ń kọ ebè láti òwúrọ̀ ti ná oúnjẹ rẹ̀ sóko kí ó tó dé ìdí irin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ kù rárá. Kí ó fi díẹ̀ kún un, kí ó sì máa wọn ara rẹ̀: kílò kan sí méjì lóṣù ti tó. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò jẹ́.

Kì í sì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni ó ń kọ́ iṣan. Gààrí àti láfún a máa fúnni lágbára iṣẹ́, ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà inú ẹ̀gẹ́ kéré jọjọ. Àwọn onímọ̀ sọ pé nǹkan bíi gíráàmù 1.6 èròjà yìí lójúmọ́, fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara, ni ó yẹ ẹni tí ń gbé irin. Ẹni kílò 60 yóò nílò gíráàmù 96. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà ni ó wà nínú ẹyin kan. Bí ó bá jẹ́ ẹyin nìkan ni, mẹ́rìndínlógún ni yóò máa jẹ lójúmọ́! Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni kí a lò: mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ, àkàrà pẹ̀lú ògì, àti àdàlú. Ohun tí ó dín nínú ẹ̀wà, àgbàdo a dí i. Ohun tí ó dín nínú àgbàdo, ẹ̀wà a dí i. Bí a bá fi ẹja, wàrà àti ẹ̀pà kún un, iṣan ti rí oúnjẹ tirẹ̀ nìyẹn.

Ẹni kejì ni ẹni tí ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá sáré díẹ̀. Àká rẹ̀ ti kún. Kí ó dín òkèlè kù, kí ó yẹra fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ dídín. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dín ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ kù, kí ó má sì fi irin sílẹ̀, nítorí irin ni yóò sọ fún ara pé iṣan ṣì wúlò. Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ti tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹni kẹta ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí sì wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Òwe eku méjì kò tíì kàn án. Iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ àjèjì sí ara rẹ̀, nítorí náà iṣan rẹ̀ lè máa dàgbà kí ọ̀rá rẹ̀ sì máa dínkù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá ń jẹ oúnjẹ tí ó péye tí ó sì ń sùn dáadáa. Ọmọ tí ó ṣì ń ga kò gbọdọ̀ febi pa ara rẹ̀, nítorí egungun àti ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú ń béèrè ìpín tiwọn nínú oúnjẹ náà.

Ìkánjú ni ó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Àwọn kan a máa gbé hóró oògùn dexamethasone mì kí wọ́n lè sanra kíákíá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn a wú, àwọn ènìyàn a sì rò pé ara wọn ti dára. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà, bí wọ́n bá lò ó pẹ́, ń jẹ iṣan àti egungun wọn lábẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a máa lé omi kúrò lára kí wọ́n lè fúyẹ́. Láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ọdún 1997, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí ń ja ìjàkadì fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà kú. Wọ́n fi ooru àti làálàá fún òógùn jáde lára wọn, wọn kò sì mu omi tí ó tó, kí ìwọ̀n wọn lè bá ìsọ̀rí tí wọ́n fẹ́ mu. Omi ara ni wọ́n pàdánù, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ̀mí wọn sì bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe fi ara ẹlòmíràn yan ọ̀nà tiyín. Kí ẹni tí ó rù jẹun. Kí ẹni tí ó sanra jù dín in kù. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní sùúrù. Bí ẹ bá sì ti yan ọ̀nà kan, ẹ dúró tì í fún oṣù bíi mẹ́ta kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbẹ̀ tí ó bá ń hú èbù rẹ̀ wò lójoojúmọ́ kò ní rí iṣu wà.