Bí Ẹ Bá Fẹ́ Ra Mẹ̀sí Kékeré Àlòkù

Ìgbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ronú mọ́tò tí a ó gbé lọ sílé. Kò burú rárá. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ogún ọdún ní ìdálẹ̀, ta ni yóò bá a wí pé ó fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i pé àjò dára? Ṣùgbọ́n Mẹ̀sí kékeré tí à ń pè ní C-Class ni ọ̀pọ̀ ń fojú sí, bẹ́ẹ̀ owó tí a fi ń rà á kọ́ ni owó rẹ̀ tòótọ́.

Ní 1982 ni Mercedes-Benz mú Mẹ̀sí kékeré 190 jáde. Ní 1993 ni C-Class rọ́pò rẹ̀, irú kejì dé ní 2000, irú kẹta sì dé ní 2007, èyí tí wọ́n ṣe títí di 2014. Irú kejì àti ìkẹta yìí ni owó rẹ̀ ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ tàbí oníṣòwò aṣọ fi lè nawọ́ sí i. Mọ́tò náà ti dàgbà, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n páàtì rẹ̀ kò mọ̀ pé mọ́tò ti dàgbà. Owó mọ́tò bọ̀gìnnì ni a ṣì fi ń ra páàtì mọ́tò bọ̀gìnnì. Láti oṣù kẹfà 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀ sí dọ́là, tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i.

Ará wa kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, kó gbogbo owó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ní nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù, ó fi ra C240 kan, kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù sílẹ̀. Wọ́n kọjá Àbújá dáadáa. Kí wọ́n tó dé Lọ́kọ́ja, ẹ́ńjìnì gbóná, omi tú jáde, tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin sùn sẹ́bàá ọ̀nà mọ́jú. Owó ilé-ẹ̀kọ́ oṣù kìíní ni wọ́n fi tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù, nítorí nínú owó yẹn ni owó ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gbà wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ó pín owó ọwọ́ rẹ̀ sí mẹ́ta, kí ó fi méjì ra mọ́tò, kí ó sì fi ẹ̀kẹta pamọ́ dè é. Bí ìdá méjì kò bá tó ra Mẹ̀sí, Toyota kì í ṣe ẹ̀gàn.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó, kí ó lọ wo mọ́tò náà ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹni tó ń tà á ti ṣáájú yín, ó sì ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2002 ni C180 àti C200 Kompressor ti ń lo ẹ́ńjìnì kan tí ṣéènì inú rẹ̀ máa ń fà bí ó bá pẹ́. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí ó bá gbóná tán ó lè dákẹ́. Bí ṣéènì bẹ́ẹ̀ bá fò, fáàfù á lu písítìnì, ẹ́ńjìnì á sì di ti alágbẹ̀dẹ.

Ṣéènì C240 àti C320 lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì méjìlá ni wọ́n ní, méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì bá pè yín sí owó púlọ́ọ̀gì. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni C230, C280 àti C350 ti 2005 sí 2007. Nínú lára àwọn ẹ́ńjìnì wọn, ọ̀pá kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbọ̀n, eyín orí rẹ̀ sì máa ń jẹ dànù. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ti C300 tí ó dé lẹ́yìn wọn, kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ wò: àgádágodo iná tó ń de sítíárìn lè kú lójijì, kọ́kọ́rọ́ kò ní yí, mọ́tò kò sì ní ṣáná.

Ní ti gíà, ẹ má ṣe wá ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun ti wo ọ́ìlì gíà fúnra òun, ẹ bi í léèrè irinṣẹ́ tó fi wò ó. Ẹ fi gíà sí D kí ẹ dúró: kò yẹ kí ó pẹ́, kò sì yẹ kí ó ta yín níwájú bí ìbọn. Lára àwọn ti 2001 sí 2003, rédíétọ̀ lè ya nínú, omi á sì dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà, ìyẹn a máa pa gíà.

Mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà dé ń ka máìlì, kì í ṣe kìlómítà, nítorí náà 100,000 tí ẹ rí níwájú ju 160,000 kìlómítà lọ díẹ̀. Nọ́ḿbà rẹ̀ tó ní 17, èyí tí ẹ óò rí lábẹ́ gíláàsì iwájú, ìkẹwàá rẹ̀ ni ọdún mọ́tò: 5 ni 2005, 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹ fa ìgbànú àyà jáde dé òpin. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, mọ́tò náà ti mu omi rí. Lára táyà, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ọ̀dà dídán ni kí ẹ fojú fò dá, ẹnikẹ́ni lè kun ọ̀dà.

Ó ku ìwé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Àwa tí a wà nítòsí Nìjẹ̀r ni kí a ṣọ́ra jù, nítorí alágbàtà, tí àwọn Hausa ń pè ní dillali, lè fi mọ́tò tó gba Màràdí wọlé hàn yín lówó pọ́ọ́kú. Kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lójú ọ̀nà, kò sì ní bi yín ẹni tó tà á. Nọ́ḿbà abẹ́ gíláàsì, ti òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láìyẹ̀ lẹ́tà kan. Kí ẹ sì mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó san owó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe gba mẹkáníìkì tí ẹni tó ń ta mọ́tò bá mú wá. Àwọn mẹkáníìkì wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti ṣèlérí láti bá ẹnikẹ́ni lọ wo mọ́tò ní àárọ̀ Sátidé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ nìkan ni wọn ń gbà. Ẹ rí akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé.