Nígbà tí kòrónà dé Ghana: ta ló gbé òfin Accra dé abúlé?

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 2020 ni ìjọba Ghana kéde pé àrùn kòrónà ti wọ orílẹ̀-èdè náà. Èèyàn méjì tó ti òkè òkun dé ni wọ́n kọ́kọ́ bá a lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ààrẹ Nana Akufo-Addo fòfin de ìpéjọpọ̀, ó sì ní kí wọ́n ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Nígbà tó di ọjọ́ 23, wọ́n fín oògùn apakòkòrò sí ọjà 137 ní agbègbè Accra. Ọjọ́ 30 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Accra àti Kumasi pẹ̀lú àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ọjọ́ yẹn gan-an ni tiwa náà bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó àti Àbújá, bóyá ẹ ṣì rántí. Tiwa tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tiwọn ò ju mẹ́ta lọ.

Ọ̀rọ̀ Accra ni gbogbo ayé gbọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n òfin ìpéjọpọ̀, ti ilé ìjọsìn àti ti ìsìnkú kò mọ ní Accra, gbogbo Ghana ló dè. Báwo wá ni òfin tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé etí ìyá àgbà tó ń ṣọ́ oko iṣu rẹ̀ lọ́nà jíjìn, tí kò sì ní tẹlifíṣàn?

Ìjọba ìbílẹ̀ 260 ni Ghana ní lọ́dún náà. Ààrẹ ló ń yan olórí wọn, àmọ́ àwọn ará àdúgbò ló ń dìbò yan aṣojú tiwọn, òfin sì sọ pé aṣojú náà kò gbọdọ̀ dìbò lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ẹni tó bá mọ ìṣèlú tiwa yóò mọ̀ pé nǹkan kékeré kọ́ nìyẹn. Bí ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ bá ní àrùn wà, ó ṣòro kí wọ́n ní irọ́ ẹgbẹ́ báyìí ló ń pa. Aṣojú yìí ni yóò lọ bá baálẹ̀. Baálẹ̀ yóò rán akéde pẹ̀lú agogo, yóò kéde ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́: ẹ fọwọ́, ẹ má bọwọ́, ẹ má pé jọ. Níbi tí wọ́n bá ti so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òpó láàárín ìlú, èyí tí wọ́n fi ń kéde òkú àti ọjà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kòrónà gbà.

Ti òkú ló le jù. Ẹni tó bá ti dé ilẹ̀ Akan mọ̀ pé ìsìnkú ni ayẹyẹ tó tóbi jù lọ níbẹ̀. Òkú lè wà ní mọ́ṣúárì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹbí lè múra sílẹ̀. Aṣọ dúdú àti pupa yóò kún ojúde, ará ìlú yóò máa dá owó, wọn yóò sì máa kéde orúkọ ẹni tó dá a. Ìjọba wá ní èèyàn 25 péré ni kó tẹ̀ lé òkú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ọmọ àti ọmọ-ọmọ bàbá arúgbó kan nìkan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ fún pé kó dúró sílé? Àwọn ẹbí kan sin òkú ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n ní àwọn yóò ṣe ayẹyẹ bí àrùn bá lọ. Àwọn mìíràn fi òkú sílẹ̀ ní mọ́ṣúárì, wọ́n ń retí. Ẹni tó ń yáni ní àga àti kánópì jókòó lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni aránṣọ. Oṣù Kẹfà ni ìjọba tó gbé e sókè sí èèyàn 100.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbà wọ́n. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti dán an wò ní Navrongo, lókè àríwá, pé kí nọ́ọ̀sì máa gbé láàárín abúlé, kó máa lọ láti ilé dé ilé. Lọ́dún 1999 ó di ìlànà gbogbo orílẹ̀-èdè. Nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ti mọ ilé oníkálukú kí kòrónà tó dé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ikun imú tí wọ́n bá gbà lára aláìsàn gbọ́dọ̀ dé ilé ìwádìí Noguchi ní Legon, l'Accra, tàbí èyí tó wà ní Kumasi. Ọ̀nà ò dára, ọkọ̀ a sì máa pẹ́. Ní oṣù Kẹrin 2020, ilé iṣẹ́ Zipline, tó ti ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn láti ọdún tó ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i o. Ìjọba ní òun yóò san owó omi gbogbo ará ìlú fún oṣù mẹ́ta, ó sì tún fi kún un. Inú ará Accra dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọnmi lódò, ta ló ń gba owó omi lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀? Òun náà ni wọ́n ní kó máa fọwọ́ lemọ́lemọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níwájú ogun náà gba àjẹmọ́nú, ó sì tọ́ sí wọn. Aṣojú àdúgbò tó ń rìn láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olókùú kò ní owó oṣù kankan nígbà náà. Owó ìjókòó ìpàdé nìkan ni wọ́n ń fún un.