Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Asọ̀rọ̀gbèsì

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni Yorùbá sọ rédíò, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Amazon gbé Echo jáde, ẹ̀rọ orin tí ń gbọ́ àṣẹ láti ẹnu onílé tí ó sì ń fèsì. Orúkọ àtijọ́ kò lè bá irú ẹ̀rọ yìí mu. Asọ̀rọ̀gbèsì ni ó yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ bèèrè fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Èkíní ni ọ̀rọ̀-ìpè, èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá mọ̀ kí ó tó tẹ́tí sí àṣẹ. Èkejì ni ìtumọ̀-àṣẹ: íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sábà máa ń gbé ohùn lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀nà jíjìn tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdọ́gba-àkókò, tí kì í jẹ́ kí orin yàrá kan kẹ́yìn ti èkejì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí orin kan náà dún káàkiri ilé yóò so gbogbo ẹ̀rọ náà mọ́ Wi-Fi kan, yóò sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, yóò sì kó wọn sábẹ́ orúkọ àpapọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín ni ohùn ti ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ tí a tò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Yàrá Ọkọ àti Yàrá Ọkọ̀ lè di ọ̀kan náà létí rẹ̀. Pálọ̀ àti Ilé Ìdáná kò lè rú u lójú bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan lè yan afèsì dípò asọ̀rọ̀gbèsì. Síbẹ̀, asọ̀rọ̀gbèsì ni ó fi hàn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọmọ ìyá rédíò ni ẹ̀rọ yìí, àti ibi tí wọ́n gbé yàtọ̀.