Ta Ló Ni Iléèwé Ìjọba?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lórí ògiri wa lọ́sẹ̀ yìí: ta ló ni iléèwé ìjọba? Nígbà tí mo bi àwọn kan ní kíláàsì wa, wọ́n ní, "Ìjọba ni, àbí ta tún ni?" Ìdáhùn yẹn kò burú, àmọ́ kò pé. Ẹni tó bá mọ èyí tó kù ló máa mọ ibi tó yẹ ká gbé ọ̀rọ̀ báńṣì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé iléèwé wa ń kún sí i. Mowe àti Ibafo kì í ṣe abúlé mọ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ń wá gba ilé tàbí ra ilẹ̀ síbí, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, torí owó ilé Èkó ti wọ́n jù. Bí wọ́n bá ti kó dé, ọmọ wọn á wọ iléèwé tó sún mọ́ wọn. Ilé gbígbé ń yára dìde, kíláàsì kì í yára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mẹ́rin fi ń há ara wọn mọ́ báńṣì ẹni méjì ní JSS 1.

Kí ilé ìwé kún kì í ṣe nǹkan tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà níléèwé fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Ẹ wò ó, ọdún kan ṣoṣo! Ìjọba nìkan kọ́ ló sì gbé ẹrù yẹn. Àwọn ìjọ ló ni ọ̀pọ̀ iléèwé nígbà náà. Àwọn ọba àti ará ìlú náà ti ń dá iléèwé gíga sílẹ̀ fúnra wọn: Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, ló dá Odùduwà College sílẹ̀ ní 1932, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó sì dá Molusi College sílẹ̀ ní 1949.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléèwé wọ̀nyẹn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. "Iléèwé wa" di "iléèwé ìjọba", bí òrùlé bá sì ṣí, oníkálùkù á ní kí ìjọba wá tún un ṣe.

Ó dáa, báwo ni owó ìjọba ṣe ń dé? Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé kí ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Àmọ́ kí ìpínlẹ̀ tó lè gba owó ilé kíkọ́ níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú owó tirẹ̀ náà sílẹ̀. Bí kò bá tíì mú un wá, owó yẹn á jókòó s'Ábújà. Àwọn ọmọ kò ní torí ìyẹn dúró sílé o. Wọ́n á ṣì máa wá.

Àlàfo yìí ni àwọn ará àdúgbò lè bá wa dí. Ní 2005, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní SBMC. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ PTA. Òbí àti tíṣà ló wà nínú PTA. Ní ti SBMC, púrínsípà àti tíṣà wà níbẹ̀, aṣojú PTA wà níbẹ̀, baálẹ̀ tàbí àgbà àdúgbò, aṣojú ẹgbẹ́ obìnrin, ti oníṣẹ́ ọwọ́, ti ẹlẹ́sìn, àti ti àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ni láti jókòó pọ̀, kí wọ́n wo ohun tí iléèwé ṣe aláìní, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: èyí tó kánjú jù ṣáájú. Wọn kò lè gba tíṣà sí iṣẹ́, wọn kò sì lè lé tíṣà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ̀wé sí ìjọba pé tíṣà Físíìsì kò sí, wọ́n lè wá ẹni tó máa gbẹ́ kànga, wọ́n sì lè bójú tó owó tí ẹnì kan bá fi ta wá lọ́rẹ.

Kí nìdí tí ètò yẹn fi ṣe pàtàkì? Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa ṣàlàyé. Iléeṣẹ́ kan wá bá wa ṣe géètì tuntun, wọ́n kun ún dáadáa, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà. A dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kun géètì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin kò ní ilẹ̀kùn, kò sì ní omi. Mo mọ àwọn tí kì í wá síléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù wọn nítorí ìyẹn. Mi ò lè ní iléeṣẹ́ náà ṣe ibi. Ẹni tó fẹ́ fúnni ní nǹkan á fún wa ní èyí tó rí, bí a kò bá ní ìwé tí a lè nà sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tó kù wá kù nìyí."

Ibí yìí ló ti kan ẹ̀yin àti èmi. Ìlànà SBMC fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àga méjì: ti olórí akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Baálẹ̀ lè pe ẹni tó lówó, kó sì dá a lóhùn. Àwa kò lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ kì í jókòó sórí báńṣì wa, kì í sì í wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Bí aṣojú wa bá lọ síbẹ̀ kó kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́, ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Nítorí náà, ẹgbẹ́ oníròyìn wa ti gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan ṣoṣo tó kánjú jù, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì jù ú síbẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ kọ iye tó bá ṣeé kà: báńṣì mélòó, ilẹ̀kùn mélòó. A máa kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn aṣojú wa méjèèjì kí ìpàdé tó kàn tó dé.

Ìjọba ló ni iléèwé ìjọba, lóòótọ́. Ará àdúgbò ló ni ín. Àwa tá a ń jókòó sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ náà la ni ín.