Ọ̀pẹ kì í pa ajá, èyí tó jọ ọ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé yín ní Mọníyà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran kò ní májèlé tó ń pa ajá. Àgbọn náà kò ní. Èkùrọ́ tó lè há ajá lọ́fun nìkan ni kí ẹ máa gbá kúrò nílẹ̀.

Èyí tó léwu ni òdòdó kúkúrú kan tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé ìgbàlódé, tí wọ́n ń pè ní sago palm. Ewé rẹ̀ jọ imọ̀ ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ rárá. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé, èso rẹ̀ ló sì burú jù: ẹyọ kan tàbí méjì lè pa ajá. Lọ́jọ́ tí ajá bá jẹ ẹ́ ló máa ń bì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe.

Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o! Epo kì í pa májèlé yìí, ó sì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà ẹranko, kí ẹ mú ewé tàbí èso náà dání. Bó bá jẹ́ ọmọdé ló jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ, kódà bí kò tíì bì.