Ẹ yẹ òkúta ìpọ́nbẹ àlòkù wò kí ẹ tó sanwó

Ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú ló ń gé ọwọ́ ọdẹ ju èyí tó mú lọ, torí pé tipátipá là ń fi í gé nǹkan, ó sì máa ń yọ̀. Ìdí nìyí tí òkúta ìpọ́nbẹ fi ṣe pàtàkì fún àwọn ọdẹ wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́.

Bí òkúta àlòkù bá dúdú tó sì ń dán, ẹ má sá fún un. Òróró ọjọ́ pípẹ́ ni. Epo àtùpà àti búrọ́ọ̀ṣì yóò fọ ìdọ̀tí irin kúrò lójú rẹ̀. Èyí tó bá sán ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ gbé rúlà lé e lórí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rúlà, àárín òkúta ti jìn. Bí kò bá jìn púpọ̀, ẹ fi omi ha á lórí sánpépà tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì.

Olójú méjì ló dára jù: ojú tó ń ha ọwọ́ fún ọ̀bẹ tó ti kú pátápátá, ojú tó jọ̀lọ̀ fún ọ̀bẹ àpò àti ìparí iṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ oníná. Bí irin bá gbóná débi tó di búlúù, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọ̀bẹ tí bàbá fi sílẹ̀ fún yín kò ní mú pẹ́ mọ́.