Twins Seven Seven àti Ìtàn tí ó Wà Nínú Àwòrán Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ àwọn ayàwòrán Òṣogbo láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé òyìnbó ni ó sọ wọ́n di ayàwòrán. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń tún un kọ nínú ìdánwò. N kò ní sọ pé kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo iṣẹ́ Táíwò Ọláníyì, ẹni tí ayé mọ̀ sí Twins Seven Seven, yóò rí i pé ẹrù tí ó gbé wọ Òṣogbo wúwo ju èyí tí wọ́n dì fún un níbẹ̀ lọ.

Ọdún 1944 ni a bí i. Ará Ògìdì ni ìyá rẹ̀, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí. Ní ti baba, ìran Ọ̀ṣúntókí ni, ẹni tí ó jẹ Baálẹ̀ Ìbàdàn ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá òun bí ìbejì, àti pé òun nìkan ni ó kù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọmọ mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó dúró. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀run kò jìnnà sí ilé ayé?

Ní 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, nítòsí ọjà Dùgbẹ̀, ibi tí kò jìnnà sí Onírèké. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dúró Ládiípọ̀ ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àmọ́ etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ: ‘Ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀’, bí ó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Ibẹ̀ ni Twins Seven Seven jó wọ̀ ní 1964. Ó ń bá ọlọ́jà oògùn kan kiri nígbà náà, tí ó ń fi ijó pe èrò, ó sì rán orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ara rẹ̀. Ulli Beier dá a dúró, ó sì darapọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí Georgina Beier ń darí. Pépà, tàdáwà, ọ̀dà àti àyè ni obìnrin yìí fi fún wọn; kò fi ọwọ́ mú ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ a sì máa lo ọdún gbọọrọ nídìí ewìrì kí ó tó dá àdá rọ! Ẹ tún wo àwọn ará Mbari Mbayo yòókù: ìlẹ̀kẹ̀ ni Jímọ̀ Bùráímọ̀ fi di olókìkí, ọwọ́ Múráínà Oyèlámì yàtọ̀, ti Rufus Ògúndélé yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ni ó fún wọn ní ohun tí wọ́n yà, ìbá jọra ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú àwòrán Twins Seven Seven, kò sí àyè tí ó ṣófo. Kálámù àti tàdáwà ni ó fi ń fa ìlà wẹ́wẹ́ títí gbogbo ojú pépà yóò fi kún: ìpẹ́ ẹja, ìyẹ́ ẹyẹ, ojú nínú ojú, ejò tí ó lọ́ mọ́ ènìyàn, ẹranko tí ikùn rẹ̀ jẹ́ ilé fún ẹranko mìíràn. Kò bìkítà fún òjìji, kò sì gbà pé ohun tí ó jìnnà gbọ́dọ̀ kéré. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ ni ó máa ń tóbi. Ẹni tí ó ti wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa mọ irú ọwọ́ yìí, nítorí aládìrẹ pẹ̀lú kì í fẹ́ kí igun aṣọ kan ṣófo.

Àwọn lámèyítọ́ òkèèrè a máa fi í wé Amos Tutùọlá. Àfiwé náà tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọ̀kan ń ṣe àwòkọ èkejì. Odò kan náà ni wọ́n ti pọnmi, níbi tí Fágúnwà pàápàá ti pọn: àlọ́ àti ìtàn ọdẹ, nínú èyí tí igbó jẹ́ ìlú fún àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ọdún 1964, ni ó pè ní Devil's Dog. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘Ajá Èṣù’, a ti tún ṣe àṣìṣe àwọn olùtumọ̀ Bíbélì nìyẹn. Bí a bá pè é ní ‘Ajá Iwin’, ó padà sínú ìtàn ọdẹ, níbi tí mo gbà pé ó ti wá. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ń ra àwòrán lè kà. Díẹ̀ nínú wọn ni ó béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, pépà nìkan kò tó o mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn káfíńtà ń pè ní pílááwúùdù, ó ń lẹ̀ ẹ́ lé ara wọn, ó ń kùn ún, ó sì ń fa tàdáwà sí i, títí àwòrán fi súnmọ́ ilẹ̀kùn gbígbẹ́. Ní 1973 ó ṣe ọ̀kan lórí ìwòsàn àwọn ọmọ àbíkú. Kí á rántí ọmọ mẹ́rìnlá ìyá rẹ̀ kí á tó pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àlá lásán.

Ní 1989, wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Páríìsì, Magiciens de la terre. Níbẹ̀ náà ni àwọn ará Yuendumu, ọmọ onílẹ̀ aginjù Ọsirélíà, ti ya àwòrán tiwọn sórí ilẹ̀. Ìtàn àwọn ayàwòrán aginjù yìí jọ ti Òṣogbo. Ní Papunya, ní 1971, olùkọ́ ilé-ìwé kan, Geoffrey Bardon, gba àwọn àgbà níyànjú láti ya àmì ilẹ̀ baba wọn sára ògiri ilé-ìwé, lẹ́yìn náà sórí pákó. Òun kọ́ ni ó kọ́ wọn ní àmì. Orí iyanrìn àti ara ènìyàn ni wọ́n ti ń yà á láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé ní 1972 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Papunya Tula sílẹ̀, tí ó jẹ́ ti àwọn ayàwòrán fúnra wọn. Àwòrán tí ó bá ti ibẹ̀ jáde a máa bá ìwé rìn, èyí tí ó sọ orúkọ ẹni tí ó yà á àti ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọn bínú pé awo ń hàn, wọ́n dáwọ́ yíya ohun awo dúró. Èyí kò ní kí wọ́n má rí ìrẹ́jẹ. Ní 1977 wọ́n ra Warlugulong, iṣẹ́ Clifford Possum Tjapaltjarri, ní 1,200 dọ́là Ọsirélíà. Ní 2007, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 2.4.

Ní Òṣogbo, oníkálukú ni ó ń tajà fún ẹni tí ó bá kàn án, ẹnu ni a sì fi ń sọ ìtàn àwòrán lójú ọjà. Twins Seven Seven gba oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005, síbẹ̀ nínú ìnira ni ó lo púpọ̀ nínú ọjọ́ rẹ̀ ní Philadelphia. Ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí Beier ṣètò jáde ní 1999. Henry Glassie kọ tirẹ̀ ní 2010. Àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tí ó kù, ti àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ni, kì í ṣe ti ẹ̀ka ìyàwòrán nìkan: kí á gbé àwòrán wọ̀nyí síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ àlọ́ àti ìjálá, kí á bi wọ́n pé ta ni èyí, kí ni ó ń ṣe nínú igbó, kí á sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí a fi lá àlá náà.

Beier kú ní Sydney ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún kan náà, Twins Seven Seven kú ní ilé ìwòsàn UCH, ní Ìbàdàn.